Bí Ọdẹ́yalé Ṣe Lọ Bá Àgbàrá Nílé Rẹ̀

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀ sí i, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tí ó bá ní ọbẹ̀ lórí iná, kí ó lọ dín iná rẹ̀ kù. Ẹni tí ọmọ ń yọ lẹ́nu, kí ó pọ̀n ọ́n. Kí olúkúlùkù wá ibi tí yóò fìdí lé, nítorí pé ìtàn tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí a ń dúró gbọ́. Ìtàn Ọdẹ́yalé ni, ọdẹ ìlú Òkè-Apá, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe máa ń sọ ọ́ fún wa nígbà tí a wà lọ́mọ ilé-ìwé, tí a jókòó yí i ká nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kíláàsì kẹrin, tí ẹnikẹ́ni kì í rántí pé ebi ń pa òun. Ó ti pẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a jọ gbọ́ ọ kò sí mọ́, èmi náà sì ti jìnnà sí ilé. Bí ẹ bá rí ibi tí ó ṣe tẹ́ẹ́rẹ́, ìgbàgbé tèmi ni. Bí ẹ bá rí ibi tí ó dùn, ẹnu Ọdẹ́yalé ni ó ti wá.

Ọkùnrin gíga ni Ọdẹ́yalé, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn bí ẹsẹ̀ lékeléke, ohùn rẹ̀ sì ju ara rẹ̀ lọ. Iṣẹ́ méjì ni ó ń ṣe. Ọdẹ ni, gbogbo ìlú mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà ni ó ń mójú tó ọgbà ilé-ìwé wa láti ọdún tí wọ́n ti fi páànù bò ó. Bí ó bá ń sọ ti iṣẹ́ ọdẹ, yóò ní kò sí iwin tí òun kò mọ ojúlé rẹ̀, pé òun ti fún àǹjọ̀nú olórí méjì ní ìgbátí rí, tí orí kejì ti ń bẹ̀bẹ̀ kí orí kìn-ín-ní tó parí ẹkún. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé kò kọjá odò Ẹlẹ́rìn rí. Igbó ẹ̀yìnkùlé ni ó ti ń pa ọ̀yà rẹ̀. Òun nìkan ni ó sì mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n bí ó bá kan ọ̀rọ̀ ọgbà ilé-ìwé, kì í fi irọ́ kún un. Orí òkè ni ilé-ìwé wa wà, ilẹ̀ rẹ̀ pupa, ó mọ́ tónítóní. Ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí agogo tó dún, igba ọmọ yóò jáde pẹ̀lú ìgbálẹ̀, olúkúlùkù ní ìpín tirẹ̀, a ó sì gbá a títí ilẹ̀ yóò fi máa dán bí ìsàlẹ̀ àwo. A ó kó ewé jọ, a ó dáná sun ún. Koríko kò gbọdọ̀ hù. Bí Ọdẹ́yalé bá rí ewé kan ṣoṣo nílẹ̀, yóò gbé e sókè láàárín ìka méjì bí ẹni tí ó mú aláǹgbá nírù, yóò máa béèrè ọmọ tí ó ni ín. Lọ́dọọdún ni wolé-wolé ń ti ìlú ńlá wá wo ọgbà wa, lọ́dọọdún ni ó sì ń fi ife ìmọ́tótó sílẹ̀ fún wa, ife fàdákà kan tí ó wà lórí tábìlì ọ̀gá ilé-ìwé. Ọdẹ́yalé ni ó ń nù ún. Kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án.

Àgbàrá nìkan ni ó ń bá wa fa wàhálà. Bí òjò bá ti rọ̀ fún ìwọ̀nba àkókò tí ènìyàn fi ń jẹun yó, omi yóò kó ara rẹ̀ jọ láti orí òkè, yóò gba àárín ọgbà wa kọjá, yóò máa hó yèè. Ó ti gbẹ́ ọ̀gbun kan tí ewúrẹ́ lè sá pamọ́ sí. Ó ti jẹ ilẹ̀ abẹ́ kíláàsì kìn-ín-ní títí ìpìlẹ̀ rẹ̀ fi yọ síta bí eyín arúgbó. Ní ìsàlẹ̀ òkè, ó ti gbé ilé ìdáná méjì lọ pẹ̀lú ìkòkò inú wọn. Àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ wá wò ó, wọ́n mi orí, wọ́n ní bí àgbàrá bá tún wọ kíláàsì lẹ́ẹ̀kan péré, àwọn yóò ti ilé-ìwé náà, kí àwọn ọmọ Òkè-Apá máa lọ kàwé ní ìlú tí ó wà lẹ́yìn odò mẹ́ta. Gbogbo wa mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn gùn yóò lọ fún oṣù kan. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kúrú kò ní í lọ rárá.

Ọ̀gá ilé-ìwé wa, Ọ̀gbẹ́ni Lánìhún, gbọ́ pé igi ni ó ń dá àgbàrá dúró. Ó kó ọmọ igi wá, máńgòrò, kaṣú àti ayùnrẹ́, a sì gbìn wọ́n, igi kan fún ọmọ kan. Ẹ wo bí a ṣe gbìn wọ́n. A ta okùn láti òkè ọgbà dé ìsàlẹ̀, a tò wọ́n sórí ìlà gbọọrọ bí àwa gan-an ti máa ń tò nígbà àdúrà òwúrọ̀, wọ́n sì gún régé débi pé ènìyàn lè dúró níwájú kí ó wo ogún igi kí ó rò pé ẹyọ kan ni. A sì ń gbá abẹ́ wọn lójoojúmọ́. Òjò kejì ni ó kó gbogbo wọn lọ. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e a tún gbìn, a tún ta okùn, a tún ń gbálẹ̀; òjò àkọ́kọ́ ni ó kó ìwọ̀nyẹn. Àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní dúró létí ọ̀gbun, wọ́n ń fi orúkọ pe igi wọn, nítorí pé wọ́n ti sọ wọ́n lórúkọ.

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì karùn-ún tí ó ń jẹ́ Ìyádùnní. Ara rẹ̀ kéré, ẹnu rẹ̀ kò kéré. Ìyá rẹ̀ ni ó ni ọ̀kan nínú ilé ìdáná tí omi gbé lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ tí igi wa lọ lẹ́ẹ̀kejì, Ọdẹ́yalé ń sọ ti àǹjọ̀nú olórí méjì fún wa kí omijé wa lè gbẹ, ni Ìyádùnní bá wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

“Bàbá, ẹ ní kò sí iwin tí ẹ kò mọ ojúlé rẹ̀.”

“Mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo sì tún un sọ.”

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ bá wa lọ sí ojúlé Àgbàrá. Ẹ bá wa bi í léèrè ohun tí a fi ṣẹ̀ ẹ́.”

Ọdẹ́yalé ní eékún ọ̀tún ń dun òun. Ọmọ kan ní ìyá òun ní òróró tí ó dára fún eékún. Ó ní ẹ̀tù ìbọn òun ti tutù. Ìyádùnní ní oòrùn wà, àwọn yóò bá a sá a. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ẹni tí yóò gbà á sílẹ̀. Igba ọmọ ni ó ń wò ó, gbogbo wọn ni wọ́n sì gbà á gbọ́. Nígbà tí ó yá, ó sọ fún wa pé nínú gbogbo ohun ẹ̀rù tí òun pàdé ní ìrìn-àjò náà, kò sí èyí tí ó tó ojú igba ọmọ wọ̀nyẹn.

Ní kùtùkùtù ọjọ́ kẹta, ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó so akèrègbè omi mọ́ ìbàdí, ó kọjá odò Ẹlẹ́rìn. Bí ó bá sọ ọ́ dé ibi báyìí, ó máa ń yọ àyà síta, ó máa ń wò wá láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì. “Ẹ wò mí dáadáa, ẹ̀yin ọmọ yìí. Ẹkùn rí mi lọ́jọ́ náà, ó kí mi, ó yà fún mi.” Lẹ́yìn náà, á rẹ ohùn sílẹ̀, á ní láìpurọ́, ẹsẹ̀ òun ń gbọ̀n nínú odò náà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ẹja fi rò pé òjò ń rọ̀.

Ti ọ̀nà kò ní í dá wa dúró. Igbó dí, igbó là, Ọdẹ́yalé sì bá ara rẹ̀ lẹ́nu ibodè ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Ìlú Eérú. Ara àwọn ènìyàn ibẹ̀ rí pẹlẹbẹ, àwọ̀ wọn dàbí ewé gbígbẹ, bí wọ́n bá sì ń rìn, ńṣe ni wọ́n ń dún ṣàkàṣàkà. Èéfín ni gbogbo wọn ń rùn. Ìpẹ̀kun ìka wọn dúdú bí ohun tí iná ti lá. Arúgbó obìnrin kan ni oníbodè, ó jókòó lórí èédú, ó sì bi Ọdẹ́yalé ní ibi tí ó ti ń bọ̀. Ọdẹ́yalé fi ọwọ́ lu àyà, ó ní Òkè-Apá ni òun ti ń bọ̀, níbi tí ilé-ìwé tí ó mọ́ jù ní gbogbo agbègbè wà, pé òun sì ni olùtọ́jú rẹ̀.

Gbogbo ìlú dìde dúró. Wọn kò bú u, wọn kò gbé ọwọ́ sókè sí i. Wọ́n kàn ń wò ó bí ènìyàn ti í wo ẹni tí ó lé e jáde nílé bàbá rẹ̀. Ọdẹ́yalé kò mọ ohun tí òun ṣe. Ó ní òun kò rí wọn rí.

“Aṣọ kan wà,” ni arúgbó náà wí, “tí kò sí ẹni tí ó rán an. Láti òkè ni ó ti ń bọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí ó ń bo ìhòhò ẹnìkan tí kò lè sọ̀rọ̀. Onílé jí ní òwúrọ̀, ó bọ́ aṣọ náà kúrò, ó dáná sun ún, ó ní òun ti ṣe ilé òun lọ́ṣọ̀ọ́. Kí ni aṣọ náà?”

Láìronú rárá, Ọdẹ́yalé ní awọ ejò ni. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Arúgbó náà ní kò burú, kí ó máa lọ. Ọjọ́ tí ó bá mọ̀ ọ́n, ibikíbi tí ó bá wà, kí ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, àwọn yóò gbọ́. Ni wọ́n bá gbé ọwọ́ gbígbẹ wọn lé e lára lọ́kọ̀ọ̀kan, ara rẹ̀ fúyẹ́, afẹ́fẹ́ sì gbé e. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi ń fò kiri lókè orí igi, tí ìbọn rẹ̀ ń bá a fò, tí àwọn ẹyẹ ń bi í bóyá ó ń kó kúrò nílé ni. Gbogbo ìgbà náà ni ó ń pe ìdáhùn: ìkùukùu, ìyẹ́ adìyẹ, agbádá ọba. Ó ní òun pe igba ìdáhùn, gbogbo wọn ni ó mọ́gbọ́n wá, kò sì sí èyí tí ó tọ̀nà nínú wọn.

Afẹ́fẹ́ jù ú sílẹ̀ lórí gbalasa kan. Igi kò sí níbẹ̀, koríko kò sí, òkúta pàápàá kò sí. Ilẹ̀ náà le bí irin, ó sì ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí Ọdẹ́yalé fi rí irùngbọ̀n ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé ibí yìí ni wọ́n ti mọyì iṣẹ́ òun. Nígbà náà ni ó rí iwin obìnrin kan tí ó ga ju ilé alájà lọ, ó tẹ̀ ba, ó ń gbálẹ̀ bọ̀, ìgbálẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ sì nípọn bí ogún igi ọ̀pẹ tí a dì pọ̀. Agbálẹ̀-má-sinmi ni orúkọ rẹ̀. Òùngbẹ ti bẹ́ ètè rẹ̀.

Ó tọrọ omi. Ọdẹ́yalé tú akèrègbè rẹ̀ sí i láàtẹ́lẹwọ́, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ náà ti dán jù, omi kò lè dúró níbẹ̀. Ó yọ̀, ó bọ́ sílẹ̀, ilẹ̀ kò mu ún, ó sì sáré lọ bí ẹni tí a ń lé. Obìnrin náà kò bínú. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni omi ti ń ṣe sí òun láti ẹgbẹ̀rún ọdún. Ó wá wo Ọdẹ́yalé láti òkè délẹ̀, ó ní ìdọ̀tí kan rèé lórí ilẹ̀ òun, ó sì gbé ìgbálẹ̀ sókè láti gbá a dànù sí ìpẹ̀kun ayé.

Ibí yìí ni Ọdẹ́yalé ti lo orí rẹ̀, kì í sì í sọ ọ́ síwájú àfi bí a bá pàtẹ́wọ́ fún un. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, “Ẹ má kánjú, ìyá. Èmi kékeré ni. Ìdọ̀tí tí ó tóbi jù wà lẹ́yìn yín.” Obìnrin náà bojú wẹ̀yìn, ó rí ipa ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lórí ilẹ̀ dídán náà. Ó yí padà láti gbá a, bí ó sì ti ń gbá a ni ó ń tẹ òmíràn. Ó tún yí, ó tún gbá. Ọdẹ́yalé fi í sílẹ̀ tí ó ń yí bí òkòtó, ó sì ń rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Nígbà tí ó yá, ẹ̀rín náà kú mọ́ ọn lẹ́nu. Kò mọ ìdí rẹ̀. Ó kàn ṣàkíyèsí pé bí wọ́n ṣe di ìgbálẹ̀ obìnrin náà, bẹ́ẹ̀ gan-an ni òun ṣe ń di tòun nílé.

Ọdẹ ni, ó mọ bí a ti ń tọ ipasẹ̀. Ó tọ ipasẹ̀ omi akèrègbè rẹ̀ tí ó sá lọ, omi náà sì mú un dé ojúlé Àgbàrá.

Ilé náà kò ní ògiri, kò ní ilẹ̀kùn. Ọ̀nà àbáwọlé àti ọ̀nà àbájáde nìkan ni ó ní. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò lóǹkà. Ìkòkò ọbẹ̀ ìyá Ìyádùnní wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìdérí rẹ̀. Bàtà ẹlẹ́sẹ̀ kan wà níbẹ̀ tó ẹgbẹ̀rún, àwọn adìyẹ tí ara wọn kò tíì gbẹ, àti ọmọ igi wa, irinwó gééré, tí a tò jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ewé wọn ṣì tutù. Àgbàrá fúnra rẹ̀ jẹ́ ọkùnrin pupa kan, ó sanra, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó sì ń lọ ó ń bọ̀ láìdúró. Ọdẹ́yalé na ìbọn, ó la ẹnu láti ka orúkọ gbogbo iwin tí òun ti ṣẹ́gun. Kò tíì ka ẹyọ kan tí Àgbàrá fi dì mọ́ ọn, tí gbogbo ẹ̀tù rẹ̀ fi rin.

“Ará Òkè-Apá,” ni Àgbàrá ń wí. “Ènìyàn mi. Ẹ káàbọ̀ o.”

Ọdẹ́yalé já ara rẹ̀ gbà. Ó ní àwọn ọmọ ni ó rán òun, wọ́n ní kí òun béèrè ẹ̀ṣẹ̀ tí àwọn ṣẹ̀ ẹ́ tí ó fi ń bá wọn jà.

“Ẹ̀ṣẹ̀ kẹ̀? Nínú gbogbo ibi tí mò ń lọ láyé, ẹ̀yin nìkan ni ẹ ń bọlá fún mi. Níbòmíràn, koríko á dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀, ewé á dí mi lójú, gbòǹgbò á máa fà mí láṣọ. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiyín, igba ọmọ ni ó ń jí láràárọ̀ láti gbá ọ̀nà dè mí. Wọ́n gbálẹ̀ dè mí báyẹn, kí n má wá?”

Ọdẹ́yalé ní igi tí wọ́n gbìn ńkọ́, ṣé kò rí i ni.

“Mo rí wọn. Ẹ tò wọ́n sí ọ̀tún, ẹ tò wọ́n sí òsì, ẹ fi àárín sílẹ̀ fún mi, bí ìgbà tí ọmọ ilé-ìwé ń tò de gómìnà. Mo wọlé tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Ìgbà tí mo ń lọ, mo kó wọn dání. Mo ṣebí ẹ fi ta mí lọ́rẹ ni.”

Ọdẹ́yalé wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni ó ti ń pín ìgbálẹ̀ yẹn. Ọgbọ̀n ọdún ni ó ti ń gbé ewé sókè láàárín ìka méjì. Kí ó tó mọ̀, ẹnu rẹ̀ ti sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: “Ewé ni aṣọ náà. Ilẹ̀ ni ó wà ní ìhòhò.” Láti ọ̀nà jíjìn, ó gbọ́ ìró kan, ṣàkàṣàkà, bí ìgbà tí gbogbo ìlú bá mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó bi Àgbàrá pé bí àwọn kò bá gbálẹ̀ mọ́, ṣé kò ní í wá mọ́.

“N óò wá. Òjò ni ó bí mi, orí òkè yín ni ó sì ń bí mi sí. Ibo ni n óò tún gbà?” Ó dúró, ìgbà àkọ́kọ́ tí ó dúró láti ìgbà tí Ọdẹ́yalé ti dé, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀. “Wò ó, ọdẹ. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, ọ̀nà ni wọ́n ń fún mi. Kò sí ẹni tí ó fún mi ní ìjókòó rí. Ó rẹ̀ mí.”

Ọdẹ́yalé wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rí i pé ó wú. Ìjà ni ó bá wá, àlejò tí ó ti rẹ̀ ni ó bá nílé. Ó ní òun kò tíì rí ọ̀tá tí ó ká òun lọ́wọ́ kò bẹ́ẹ̀. Ó wá fi sùúrù béèrè bí wọ́n ti ń ṣe ìjókòó fún omi, Àgbàrá sì ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Kí a gbẹ́ ilẹ̀ ní kòtò kéékèèké bí ìdajì igbá, kí a tẹ́ ewé sínú wọn nípọn. Kí a dábùú wọn sí ẹ̀gbẹ́ òkè, kí a má ṣe tò wọ́n láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Kí igi dúró létí kòtò kọ̀ọ̀kan, kí èyí tí ó wà lẹ́yìn máa yọjú ní àárín àwọn méjì tí ó wà níwájú, kí ẹni tí ó bá ń sáré bọ̀ lè rí ohun tí yóò fara tì. Kí a jẹ́ kí koríko hù. Ó ní bí òun bá ti rí ibi jókòó, ilẹ̀ yóò mu òun díẹ̀díẹ̀, igi yóò mu òun, òun kò sì ní í di ìyọnu fún ẹnikẹ́ni.

Ọdẹ́yalé bẹ̀ ẹ́ fún ohun àràmàǹdà kan tí òun lè fi han ará ilé, ìrù ẹja wúrà ni tàbí òrùka. Àgbàrá ní òun kò ní irú rẹ̀, kí ó máa kó igi àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́: irinwó igi ni Ọdẹ́yalé nìkan rù wálé, ó ní ọrùn òun kò yẹ̀.

Bí ó ti ń bọ̀ lọ́nà, ọkàn rẹ̀ kò dúró lójú kan. Bí ó bá sọ ohun tí Àgbàrá sọ gan-an, ojú wo ni àwọn ọmọ yóò fi wo òun? Kí ó tó dé odò Ẹlẹ́rìn, ó ti hun ìtàn mìíràn: òun àti Àgbàrá jà fún ọjọ́ méje, òun fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀, òun gba igi padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìtàn náà dùn. Òun náà fẹ́ràn rẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún wa nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ti dé ibi tí ó gbá Àgbàrá lọ́rùn mú, gbogbo wa ti ń pàtẹ́wọ́, nígbà tí Ìyádùnní béèrè bóyá Àgbàrá sọ ohun tí a fi ṣẹ̀ ẹ́.

Ọwọ́ Ọdẹ́yalé tí ó ti gbé sókè láti fi hàn wá bí ó ṣe gbá ọrùn náà mú, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó wo ilẹ̀ ọgbà tí ó ń dán nínú oòrùn.

“Ẹ kò ṣẹ̀ ẹ́. Èmi ni. Èmi ni mo ní kí ẹ máa gbálẹ̀ dè é.”

Ó wá tún ìtàn náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí mo ti sọ ọ́ fún yín, ó sì fi ohun kan kún un tí a kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní igi apá ńlá méjì ni ó wà lórí òkè náà nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé-ìwé, àwọn ni wọ́n fi sọ ìlú wa lórúkọ. Òun ni òun gé wọn, nítorí ewé wọn kì í jẹ́ kí ilẹ̀ òun mọ́. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni bí ó ti ń sọ ọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Lánìhún bẹ̀rù. Kì í ṣe ti iwin ni ó ń bẹ̀rù, ti wolé-wolé ni. Ó ní bí wolé-wolé bá dé bá ewé àti koríko, kí ni òun yóò sọ? Ọdẹ́yalé ní kí ó jẹ́ kí òun dá a lóhùn. Ni a bá fi ìgbálẹ̀ mọ sí inú kíláàsì. A gbẹ́ kòtò, a dábùú wọn sí ẹ̀gbẹ́ òkè, a gbin igi wa padà, a sì ń bá ara wa ṣe gbọ́nmi-si-omi-ò-to lórí ẹni tí igi rẹ̀ yóò wà níwájú. A ń lọ kó ewé gbígbẹ nínú igbó, a ń fi agbọ̀n rù ú lọ sí ilé-ìwé. Ìyá kan lé ọmọ rẹ̀ dé ojú ọ̀nà, ó ń béèrè irú ilé-ìwé tí wọ́n ti ní kí ọmọ máa ru pàǹtí bọ̀. Àwa tí a ti fi ọ̀pọ̀ ọdún sun ewé, ojú ń tì wá láti tẹ́ ẹ sílẹ̀. Àwọn kan nínú wa ń tẹ́ ẹ tán, wọ́n sì tún ń ṣa á padà láìmọ̀. Ọdẹ́yalé gan-an, mo rí i pé ó máa ń di ọwọ́ méjèèjì pọ̀ sẹ́yìn nígbàkígbà tí ó bá ń rìn kọjá.

Wolé-wolé dé. Ó wo ọgbà láti ẹnu ọ̀nà, ó ṣí ìwé rẹ̀, ó sì rọra béèrè bóyá ẹnìkan kú ní ilé-ìwé náà ni tí wọ́n fi pa á tì báyìí. Ọdẹ́yalé gbìyànjú láti sọ ti Àgbàrá àti ìjókòó fún un. Ọkùnrin náà tẹ́tí gbọ́ díẹ̀, ó sì ní kí wọ́n gbé ife jáde. Ọdẹ́yalé ni ó wọlé lọ gbé e. Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún yíká, inú àti òde, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i, ó ní kí ó gbá ìdí rẹ̀ mú dáadáa, nítorí ó máa ń yọ̀.

Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá sí ìgbà náà tí òjò ṣú. Ìṣirò ni a ń ṣe lọ́wọ́. Ojú ọ̀run dúdú láti ẹ̀yìn òkè wá, páànù bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, Ọ̀gbẹ́ni Lánìhún sì jókòó láìparí ìṣirò tí ó ń kọ. Ní kíláàsì kìn-ín-ní, gbogbo àwọn ọmọ kéékèèké gbé ẹsẹ̀ wọn sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n fi ọwọ́ dì í mú, wọ́n ń dúró de omi gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń ṣe.

Ọdẹ́yalé nìkan ni ó jáde. Ó ṣí fìlà, ó dúró sínú òjò létí kòtò àkọ́kọ́. A rí omi tí ó kó ara rẹ̀ jọ lórí òkè, pupa, ó ń hó, ó sì ń sáré bọ̀ bí ẹni tí ó mọ ọ̀nà. Ó dé inú koríko, ó fẹsẹ̀ kọ. Ó bá igi kan pàdé, ó yà. Ó bá òmíràn. Ó wọ inú kòtò àkọ́kọ́, ó yí lẹ́ẹ̀kan bí àgbà tí ó ń tún aṣọ rẹ̀ ṣe kí ó tó jókòó. Nítorí òjò, a kò gbọ́ ohùn Ọdẹ́yalé, ṣùgbọ́n a rí i tí ó tẹ orí ba, ó sì na ọwọ́, bí ènìyàn ti í ṣe nígbà tí ó bá ń sọ pé ẹ káàbọ̀, ẹ jókòó. Kòtò náà kún. Èyí tí ó ṣẹ́kù rọra bọ́ sí ìkejì, ó rọra bọ́ sí ìkẹta, ìwọ̀nba tí ó dé ìkẹfà kò sì tó bo ewé tí ó wà nínú rẹ̀.

Òjò dá. Nígbà náà ni ọmọ kan ní kíláàsì kìn-ín-ní sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kalẹ̀ láti orí bẹ́ǹṣì, ó fi àtàǹpàkò tọ́ ilẹ̀ wò. Ó gbẹ. Ó sọ ìkejì kalẹ̀. A gbọ́ bí ẹsẹ̀ ogójì ọmọ ṣe ń bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn tirẹ̀, méjì, méjì, méjì.

Ọdẹ́yalé ṣì wà níta, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dúró ti àlejò rẹ̀ títí ilẹ̀ fi mu ún tán. Ibi tí ìtàn náà dé lójú mi nìyẹn, n kò sì ní í gbé e kọjá ibẹ̀.